Ọjọ́ Mọ́ńdè Tí Ẹ To Bíríkì

Bàbá mi olóòótọ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ọdún mẹ́ta ti kọjá tá a ti sin yín sí itẹ́ àwọn Mùsùlùmí l'Ágége, ṣùgbọ́n báyìí náà la ṣe ń kí ara wa, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi. Mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Kí ni mo fẹ́ kọ lẹ́tà fún nígbà tó jẹ́ pé yàrá kan náà la jọ ń sùn, tí mo ń gbọ́ ikọ́ yín láti orí ẹní mi? Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi báyìí, mi ò sì mọ ẹlòmíì tí mo lè bá sọ ọ́.

Àwa tíṣà ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba ò dá wa lóhùn, ilé ni gbogbo wa jókòó sí. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá báyìí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí mi. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á ní “hùn-ún”, ó parí nìyẹn. Láti Sọ́ńdè ni, òní sì ni Wẹ́sìdeè. Ọjọ́ mẹ́ta rèé. Bí ẹ̀yin bá kà á, ẹ máa ní ọjọ́ mẹ́rin ni, orí ìyẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ dá lé.

Bùrọ̀dá Lásísì ló wá sílé wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹ ò lè gbàgbé wọn. Ọjọ́ kan náà lẹ̀yin méjèèjì wọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ tánganran n'Íkẹjà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ọ̀gá nídìí ìléru, ẹ̀yin lẹ mọ ìgbà tí iná tó àti ìgbà tí kò tó. Bùrọ̀dá Lásísì ló ń fi irin gígùn ti abọ́ wọnú ẹ̀, tó tún ń fà á jáde ní pípọ́n. Láti ọjọ́ tí ìléru yẹn ti dà wó, Ìyá mi ò fẹ́ gbúròó wọn mọ́. Ìyá mi gbà pé Bùrọ̀dá Lásísì ló tì yín débẹ̀, pé ojú ń kán wọn láti lọ kí ìyàwó wọn tuntun n'Íṣẹ́yìn, pé wọ́n ní kẹ́ ẹ dáná ṣáájú àsìkò. Bí Ìyá mi ṣe rí wọn lójúde lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Bùrọ̀dá Lásísì ò bínú. Wọ́n ti darúgbó, Bàbá. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti rún, ìka méjì péré ló ń ká. Wọ́n fa ọ̀rá kan yọ lápò, pépà wà nínú ẹ̀, wọ́n nà án sí mi.

“Tíṣà, mò ń lọ sílé. Ìṣẹ́yìn. Èkó ti sú mi. Bá mi ka nǹkan yìí kí n tó lọ. Mo ṣà á nílẹ̀ lọ́jọ́ tí iná jó mi, mo sì ti ń gbé e kiri láti ìgbà náà. Mi ò gbọ́ òyìnbó, ẹ̀rù sì ń bà mí láti fún ẹlòmíì kà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá rẹ parọ́ fún mi.”

Mo mọ pépà náà kí n tó ṣí i. Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á láyé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń ròyìn fún àlejò, kí n má baà fo ibi tó yẹ kí ojú ti mí. Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ṣọ́jà gbé dé. Dọ́là ti wọ́n bí ojú, àwọn ilé iṣẹ́ láti Ìlúpéjú títí dé Ògbà ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tiyín ṣì ń mí, torí pé kò sí ìyàwó ilé tí kì í ra bàsíà tánganran. Ṣùgbọ́n bíríkì inú ìléru ti gbó, iná ti jẹ ẹ́ tán. Ọdún kan gbáko ni kọ́ńpìnì fi dúró de bíríkì tuntun láti òkè òkun. Lọ́jọ́ tó dé, ẹ wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ ní kí Ìyá mi se ìrẹsì.

Ẹnjiníà kan, ará Íńdíà, ló wá bá yín tò ó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè lẹ parí ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni ó gbéra lọ sí Kánò, ó ní iṣẹ́ míì ń dúró de òun níbẹ̀. Ó fi pépà kan lé yín lọ́wọ́. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní amọ̀ tẹ́ ẹ fi lẹ bíríkì ṣì tutù, omi ṣì wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ fún ọjọ́ márùn-ún gbáko kẹ́ ẹ tó dáná sí i. Ìwé mẹ́rin péré lẹ kà, èmi sì ti wà ní Fọ́ọ̀mù Tíírì, èmi lẹ gbé e fún. Mo ní, “Bàbá, wọ́n ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún gbáko.” Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ̀yin àti Bùrọ̀dá Lásísì pẹ̀lú àwọn àgbà àdúgbò jókòó níwájú ilé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa oòrùn, bó ṣe ń rìn láti ìlà lọ sí ìwọ̀ lójoojúmọ́ láìsinmi. Èmi tí mò ń gbálẹ̀, mo já lu ọ̀rọ̀. Mo ní oòrùn kì í rìn, ayé ló ń yí. Ẹnu mi ò dákẹ́ síbẹ̀, mo ní bàbá arúgbó kan wà ní Ítálì láyé àtijọ́ tó fi awò wo ojú ọ̀run tó sì sọ bẹ́ẹ̀, tí àwọn olórí ẹ̀sìn mú un kúnlẹ̀ kó lè sẹ́ ohun tó rí. Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ò rẹ́rìn-ín.

“Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún jàre! Ṣé ìwọ lo bí mi ni?”

Ojú tì mí débi pé mi ò jẹun. Mo búra nínú ara mi pé láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹ bá ní ẹyẹ ni wọ́n so mọ́ bàálù tó ń fò kọjá lórí wa lọ sí Ìkẹjà, mi ò ní dá sí i. Ẹ mọ̀ pé mo lágídí. Ìyá mi ní ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jogún ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rántí nǹkan, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí. Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè yẹn, amọ̀ ṣì wà léèékánná yín nígbà tẹ́ ẹ fa ìlà kìíní, ẹ pè é ní Àtìní bí àwọn àáfà ṣe ń pè é. Lójoojúmọ́ lẹ ń fa ọ̀kan sí i. Àtàláátà. Àlàrùbá. Àlàmísì. Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, ẹ fa ìkarùn-ún, ẹ gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ẹ ní, “Ó pé.”

Mo wà níbẹ̀. Mò ń de okùn bàtà ilé-ìwé mi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, tíṣà ìṣirò wa ti pe ọmọ márùn-ún síwájú kíláàsì, ó ní kí wọ́n dúró bí òpó ọgbà. Ó bi wá pé òpó mélòó ni, a ní márùn-ún. Ó ní àlàfo àárín wọn ńkọ́? Gbogbo kíláàsì pariwo pé márùn-ún. Èmi nìkan ni mo ní mẹ́rin, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Torí náà, bí mo ṣe wo ìlà márùn-ún yẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àlàfo mẹ́rin ni mo rí. Láti ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè sí àárọ̀ Jímọ́ọ̀, kò tiẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin, ká má tíì sọ márùn-ún. Mo rí i kedere bí mo ṣe ń rí bírò tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Mo la ẹnu. Ẹ yíjú sí mi, ọwọ́ yín ṣì wà lára ilẹ̀kùn, ẹ dúró díẹ̀. Ni mo bá rántí ọ̀rọ̀ oòrùn, mo rántí ẹ̀rín àwọn àgbà. Mo pa ẹnu dé, mo tẹjú mọ́ bàtà mi. Mo sọ nínú ara mi pé, ṣebí ẹ gbọ́n, ẹ máa kà á lọ. Ẹ jáde.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn, Bàbá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bàbá arúgbó Ítálì yẹn, agbára ni wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́. Èmi ò rí ẹni tó mú mi kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìbínú lásán ni.

Kó tó di àsìkò ìrun Jímọ́ọ̀, omi tó há sínú amọ̀ ti hó, ó di ooru, kò rọ́nà jáde, ló bá fọ́ bíríkì láti inú. Ògiri ìléru ya lulẹ̀ lápá kan, iná sì yọ sí Bùrọ̀dá Lásísì tó dúró lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù. Bíríkì tí wọ́n fi ọdún kan dúró dè di àfọ́kù. Dọ́là tí wọ́n máa fi ra òmíràn ò sí. Oṣù kan ò pé tí gbogbo ẹ̀yin onídìí ìléru fi gba ìwé lọ-gbélé-ẹ.

Ìyẹn ò dùn yín tó èyí tó tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀gá pè yín sínú yàrá kan, wọ́n bi yín bóyá ẹ dúró fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ ní ẹ dúró. Wọ́n ní irọ́ lẹ pa. Ẹ fi Kùránì búra, wọ́n ṣì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ parọ́. Èmi náà lẹ ní kí n ka ìwé ọ̀hún. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ yẹn, mo fò ó. Ẹ ní kí n padà sẹ́yìn, pé ojú mi fo nǹkan. Mo kà á. Ẹ dìde, ẹ lọ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ àsìkò ìrun ò tíì tó.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tún sítóòfù ṣe níwájú ilé. Ẹni tó ń dáná fún gbogbo bàsíà ìlú Èkó wá ń fa òwú sítóòfù. Ìgbà yẹn ni àṣà kan bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ yín tí kò yé mi. Bí ẹ bá ti tún ọ̀kan ṣe tán, tí ẹ fẹ́ ṣáná sí i, ẹ máa kọ́kọ́ pè mí níbi yòówù kí n wà. Bí mo bá ń fọṣọ, ẹ ó pè mí. Bí mo bá ń kàwé fún ìdánwò, ẹ ó pè mí. Ẹ ó wo ojú mi, ẹ ó ní, “Ṣé o ní nǹkan sọ?” Mo máa ń ní rárá. Ẹ ó tún dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣáná. Mo rò pé ẹ fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ torí ọ̀rọ̀ oòrùn ni, nígbà míì ó máa ń bí mi nínú débi pé mi ò ní wo ojú yín.

Ẹ̀yin kan náà tẹ́ ẹ pa mí lẹ́nu mọ́ lẹ tún wá ń bẹ̀ mí pé kí n sọ ìtàn àwọn ọ̀mọ̀ràn tí wọ́n ń kọ́ wa nílé-ìwé. Mo sọ ti ọkùnrin kan ní Íjíbítì láyé àtijọ́, tó fi òjìji igi àti omi ìsàlẹ̀ kànga wọn gbogbo ayé yíká láì kúrò nílùú ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì lọ́sàn-án gangan, mo bá yín lẹ́yìnkùlé, ẹ ti ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, ẹ ń ṣọ́ òjìji ẹ̀. Ẹ ní ọkùnrin yẹn ní sùúrù. Mo sọ ti ọmọ Jámánì kan tí tíṣà ní kó ro ení títí dé ọgọ́rùn-ún pọ̀, tó sì ti dáhùn kí àwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀. Ó so ení mọ́ ọgọ́rùn-ún, ó so èjì mọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ títí tó fi rí i pé iye kan náà ni gbogbo wọn ń mú wá. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú yín. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń so abọ́ ńlá mọ́ abọ́ kékeré bí ẹ bá ń dì wọ́n sí páálí. Ẹ dijú, ẹ ní ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó lé àádọ́ta. Ẹ ò fọwọ́ kan bírò.

Ti ọkùnrin tó ń wẹ̀ lọ́wọ́ tí òye là sí i lórí, tó sì sáré bọ́ sígboro láì wọ aṣọ, Ìyá mi ò gbà á. Wọ́n ní nínú agboolé wo? Ti obìnrin ará Pólàǹdì ni ẹ ò lè rẹ́rìn-ín sí, ẹni tó ń ro nǹkan tó ń tàn yòò láàárín òkùnkùn láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó fẹ́ràn ẹ̀ tó ń kó o sápò, tí kò mọ̀ pé ó ń jó ọwọ́ òun. Ẹ bi mí bóyá kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un. Mo ní kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ nígbà náà. Ẹ ní tí ẹnì kan bá mọ̀ ńkọ́? Mo ní mo fẹ́ lọ pọnmi.

Àmọ́ èyí tó pa yín lẹ́nu mọ́ ni ti òdo. Àìsàn ti so yín mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì nígbà náà. Mo ní àwọn ará Íńdíà ló fún òdo láàyè láàárín àwọn nọ́ńbà, wọ́n bá a lò gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà gidi. Ẹ ní kí lèèyàn fẹ́ fi ohun tí kò sí ṣe. Mo ní bí èèyàn bá fẹ́ wọn ọ̀nà, kò ní ka ojú ibi tó dúró sí mọ́ ọn, ibẹ̀ ni òdo wà, ẹsẹ̀ tó bá gbé ló ń jẹ́ ení. Ẹ tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìlà ṣọ́ọ̀kì ti parẹ́ tipẹ́, a ti kun ilẹ̀kùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní, “Ará Íńdíà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ yíjú sí ògiri. Ṣé ọjọ́ yẹn lẹ mọ̀, Bàbá? Ṣé ó yé yín ibi tí ọjọ́ kan wọ̀ sí? Mo fẹ́ bi yín, ẹ̀rù bà mí, mo lọ bá Ìyá mi nídìí ààrò.

Tọ́sìdeè lẹ kú, ọjọ́ náà la sin yín. Ní Tọ́sìdeè tó tẹ̀lé e, àwọn àáfà pé jọ síwájú ilé fún àdúà ọjọ́ kẹjọ. Mo jókòó sáàárín àwọn obìnrin, mo sì ń fi ìka kà á láìmọ̀. Láti Tọ́sìdeè sí Tọ́sìdeè, ọjọ́ méje ni wọ́n ń pè é nílé-ìwé. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jiyàn. Àáfà, Ìyá mi, ẹni tó ń pín omi, gbogbo Agége pátá ló mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹni náà kú ni ọjọ́ kìíní. Mo rántí ọjà ìlú ìyá yín tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún. Bí wọ́n bá ná an ní Mọ́ńdè, Jímọ́ọ̀ ni wọ́n tún máa ná an, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kì í ṣe ọrún.

Títí di ọjọ́ náà, mo rò pé ẹ ṣì í kà ni. Ẹ ò ṣì í kà. Ẹ kà á bí àwọn tó tọ́ yín dàgbà ṣe ń kà á. Ará Íńdíà yẹn ò mọ bẹ́ ẹ ṣe ń kà á, ẹ̀yin náà ò mọ bó ṣe ń kà á. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ méjèèjì nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ó sì jókòó tì yín, ó ń de bàtà. Mo sunkún débi pé àwọn obìnrin dì mí mú, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n rò pé torí ikú yín nìkan ni.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí Bùrọ̀dá Lásísì na pépà sí mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Pépà náà ti pọ́n, iná ti jẹ ẹ́ létí kan. Mo kà á fún wọn lédè Yorùbá. Bí mo ṣe dé ibi ọjọ́ márùn-ún, wọ́n gbé orí sókè.

“Ṣé márùn-ún kọ́ la kà ni?”

Mo ní márùn-ún lẹ kà, ṣùgbọ́n ará Íńdíà yẹn ò ka Mọ́ńdè mọ́ ọn. Mo ní kó tó pé lójú tiẹ̀, ó di Sátidé.

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. “Kò ka Mọ́ńdè? Tíṣà, ọjọ́ tá a tò ó, tá a fi orí ru bíríkì, tí òógùn ń ro sí wa lójú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọjọ́? Òun náà ṣáà wà níbẹ̀!”

Bàbá, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, mi ò rí èsì kankan.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín. Wọ́n ní, “Kò parọ́, àbí?” Mo ní kò parọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n fi ọwọ́ tó bàjẹ́ yẹn nu ojú, wọ́n ń ṣe Àlùhámúdù.

Ǹ bá ti dákẹ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yanjú lójú wọn, orúkọ yín ti mọ́, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Àmọ́ mo ti dákẹ́ rí, mo sì ti rí ohun tó fà. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀ láìbo ìkankan: ìlà márùn-ún, àlàfo mẹ́rin, ẹnu tí mo là tí mo sì pa dé. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ gbá mi létí, ọwọ́ òsì wọn ṣì le.

Bùrọ̀dá Lásísì ò gbá mi. Wọ́n ní, “Bàbá rẹ mọ̀.”

Mo ní kí ni?

“Kò mọ ohun tó o fẹ́ sọ o. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé o ní nǹkan sọ. Ó sọ fún mi nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó ní ‘Lásísì, ọmọ yẹn la ẹnu láàárọ̀ yẹn, mo rí i. Èmi ni mo ti kọ́kọ́ pa á lẹ́nu mọ́ lójú gbogbo yín, kò lè bá mi sọ ọ́ mọ́. Èmi ni mo jó ọ lọ́wọ́.’ Ó ní láti ìgbà náà lọ, òun ò ní ṣáná sí nǹkan kan láyé òun láì kọ́kọ́ bi ọ́.”

Áà, Bàbá! Ẹ pè mí nídìí aṣọ tí mò ń fọ̀. Ẹ pè mí nídìí ìwé. Ẹ wo ojú mi ní gbogbo ọdún yẹn, lórí sítóòfù kọ̀ọ̀kan, ẹ bi mí, ẹ dúró dè mí. Mo ní rárá. Mo ní rárá títí ẹ fi kú.

Kí n tó dìde nílẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá mi ti wà lẹ́yìn ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ fún Bùrọ̀dá Lásísì, wọ́n ní kí wọ́n forí jin àwọn. Wọ́n bu omi fún wọn nínú abọ́ tánganran aláwọ̀ sánmà, èyí tẹ́ ẹ mú wálé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dọ̀gá, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Wọ́n ní kí wọ́n wọlé jókòó. Èmi nìkan ni wọn ò sọ nǹkan kan fún. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọdún wo lo fẹ́ sọ fún mi?” Láti ìgbà yẹn, hùn-ún nìkan.

Bùrọ̀dá Lásísì ti lọ sí Ìṣẹ́yìn lánàá. Wọ́n fi pépà náà sílẹ̀ fún mi. Nígbà míì mo máa ń tu ara mi nínú pé kọ́ńpìnì yẹn ì bá ti tì náà. Mélòó ló kù nínú wọn? Tiyín ti di ilé tí wọ́n ń kó ìrẹsì pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n Sáàpù kọ́ ló jó Bùrọ̀dá Lásísì lọ́wọ́, òun kọ́ ló sì sọ yín di òpùrọ́ títí ẹ fi wọ ilẹ̀. Ṣé ẹ ti dárí jì mí níbẹ̀ yẹn? Bí ẹ bá ti dárí jì mí, kí ni mo fẹ́ ṣe fún Ìyá mi?

Láàárọ̀ yìí, mo mú ṣọ́ọ̀kì kíláàsì mi, mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fa ìlà márùn-ún sí ibi tẹ́ ẹ ti máa ń fà á, mo dúró síwájú ẹ̀. Ìyá mi rí mi, ṣùgbọ́n wọn ò lọ.

Ẹ bi mí, Bàbá. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì dúró díẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní nǹkan sọ. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ jókòó, ẹ má tíì lọ síbi iṣẹ́. Kò tíì pé. Ọ̀la, Sátidé, ni.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń de bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tó fẹ́ràn yín nígbà náà pàápàá.